Ọjọ́ tí Ọ̀gá Gaspari Ní Kí Oreste “Ẹ Jókòó”

[Ìpè láti hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Pescara sí ilé ọtí Ersilia ní abúlé Vignale. Ọ̀sán Sátidé, oṣù kẹjọ, ọdún 1934. Eré ìje mọ́tò ku ọ̀la. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀: Oreste Malaguti, tó ń wa mọ́tò eré ìje fún Ọ̀gá Gaspari, àti Argia, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.]

[Wáyà ń hó. Rédíò ń kọrin lẹ́yìn.]

ONÍFÓÒNÙ: Vignale, Pescara ló ń pè yín. Ẹ máa sọ̀rọ̀.

ARGIA: Pronto! Pronto! Ta nìyẹn?

ORESTE: Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ káàsán.

ARGIA: Oreste! Káàsán, ọmọ ìyá mi. Ṣé àlàáfíà ni? Ṣé o ti jẹun? Òòrùn ibẹ̀ ńkọ́, ṣé kò—

ORESTE: Mo ti jẹun. Ẹ gbọ́ ná, ọkọ̀ ńkọ́?

ARGIA: Ọkọ̀ wo?

ORESTE: Ọkọ̀ ẹrù Medardo, tó ń kó àwọn ará ilé bọ̀ wá wòran. Ṣé ó ti gbéra?

ARGIA: Ó ti lọ tipẹ́! Àkùkọ ò tíì kọ tán tí wọ́n ti ń kọrin lórí ẹ̀. Wọ́n to àga ṣọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n fi okùn dì wọ́n. Àlùfáà fúnra rẹ̀ ló yá wọn ní àga. Ó ní tí o bá gbégbá orókè, òun á lu aago títí—

ORESTE: Ẹ dá a dúró.

ARGIA: Aago?

ORESTE: Ọkọ̀! Ẹ dá ọkọ̀ náà dúró. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ARGIA: Kí n fi kí ni dá a dúró, gèlè mi? Wọ́n á ti kọjá Rimini báyìí. Ìwọ náà kúkú mọ Medardo, kì í dúró níbì kankan àfi tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n.

ORESTE: Ẹ pe Ancona. Ẹ ní kí ọlọ́pàá—

ARGIA: Ọlọ́pàá kẹ̀? Kí ni wọ́n jí? [Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.] Oreste, kí ló dé tí ohùn rẹ rí báyìí? O ti mutí.

ORESTE: Díẹ̀.

ARGIA: Ọ̀sán gangan! Ìwọ tó jẹ́ omi lásán lo máa ń mu tí eré bá ku ọ̀la! Báwo lo ṣe fẹ́ fi ojú ọtí—

ORESTE: Mi ò fẹ́ fi wa nǹkan kan.

ARGIA: Wọ́n ti sún eré síwájú ni?

ORESTE: Eré wà. Èmi ni mi ò sí níbẹ̀.

[Wáyà ń hó.]

ARGIA: Mi ò gbọ́ o. Ersilia, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa rédíò yẹn! Kí gbogbo yín náà sì kúrò lẹ́yìn mi, fóònù lẹ fẹ́ gbọ́ ni àbí ọtí lẹ fẹ́ mu? [Rédíò dákẹ́.] Oreste, ṣé o gbọ́ mi? Ṣé apá tó kán nígbà yẹn ló tún ń dùn ọ́?

ORESTE: Apá mi le koko. Ọ̀gá Gaspari ló pè mí láàárọ̀.

ARGIA: Kí ló ní?

ORESTE: Ó ní, “Ẹ jókòó, Malaguti.”

ARGIA: O wá jókòó. Lẹ́yìn náà ńkọ́?

ORESTE: Ẹ ò gbọ́ mi. Ó ní “Ẹ jókòó.” Ẹ! Ẹ̀yin!

[Argia fa àga, ó jókòó.]

ORESTE: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ARGIA: Mo gbọ́. Yéè. Gaspari? Gaspari tó ń pè ọ́ ní ọmọ alágbẹ̀dẹ olórí kunkun?

ORESTE: Òun náà. Láti ọjọ́ tó ti rí mi lórí alùpùpù tí mo fi ń kó wàrà kiri, “wá níbí”, “kúrò níbẹ̀”, “ìwọ òmùgọ̀ yìí, ta ló ní kí o fọ́ mọ́tò mi”. Ẹ rántí eré Sicily, tí epo gbígbóná bó mi lẹ́sẹ̀ tí mo sì gba ife-ẹ̀yẹ? Ó gbá mi létí kó tó dì mọ́ mi. Ó ní, “Tí o bá kú ńkọ́, ẹlẹ́mìí ajá!”

ARGIA: Ẹni tó ń bú èèyàn báyẹn ṣì kà á sí ọmọ.

ORESTE: Ṣé ẹ mọ ohun tó ń bí mi nínú jù? Inú mi dùn!

ARGIA: Inú rẹ dùn sí kí ni?

ORESTE: Mo rò pé ó ń bọ̀wọ̀ fún mi ni. Mo ní, ha, Oreste, o ti dàgbà! Ọ̀gá ti ń fi ẹ̀yin bá ọ sọ̀rọ̀! Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, “ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ takuntakun”, “ìrírí yín”, “ìlera yín”, mò ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ra wáìnì fún gbogbo mẹkáníìkì.

ARGIA: Olúwa mi o.

ORESTE: Wọ́n sì mu ún! Ẹnì kan ò wo ojú mi. Mo tẹ̀ lé wọn wọ gáréèjì, mo ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ orin. Mo bá Lamberto nínú mọ́tò mi.

ARGIA: Lamberto wo? Ọmọ olówó Milano yẹn? Èyí tí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba kọ́nà?

ORESTE: Òun ni. Wọ́n ń sún ìjókòó mi síwájú nítorí ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrú. Wọ́n ti ki tìmùtìmù sí i lẹ́yìn. [Ó rẹ́rìn-ín.] Tìmùtìmù, Ẹ̀gbọ́n!

ARGIA: Má rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó ń bà mí lẹ́rù.

ORESTE: Àbí ẹ kì í sọ pé ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré? Ó wò mí títí, ó wò mí bọ́ sínú kòtò.

ARGIA: Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì tí o jọba awakọ̀ gbogbo Italy fún wọn! Nígbà tí apá rẹ kán, ta ló fi ọwọ́ kan parí eré? Ṣé Lamberto ni? Ó dára náà, bí wọ́n bá ti lo ìgbálẹ̀ tán, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni—

ONÍFÓÒNÙ: Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti pé. Ṣé ẹ fẹ́ fi kún un?

ORESTE: Ẹ fi kún un.

ONÍFÓÒNÙ: Orúkọ tí mo máa kọ?

ORESTE: Malaguti.

ONÍFÓÒNÙ: Malaguti... Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ bá Malaguti tó máa ń sáré mọ́tò nígbà kan tan ni?

ORESTE: Rárá. A ò tan.

ARGIA: Arábìnrin, òun gan-an ni—

ORESTE: Ẹ jẹ́ kó lọ, Ẹ̀gbọ́n.

ONÍFÓÒNÙ: Ẹ má bínú. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nígbà ayé rẹ̀. Ẹ máa sọ̀rọ̀.

[Onífóònù kúrò lórí ìlà.]

ORESTE: Ẹ gbọ́ bí? “Nígbà ayé rẹ̀.” Ayé ta ni?

ARGIA: Ayé bàbá tiẹ̀ ló ń sọ.

ORESTE: Bóyá.

ARGIA: Má fi ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ gún ara rẹ lọ́bẹ. Gaspari ò ha ní nǹkan mìíràn tó fún ọ ṣe?

ORESTE: Ó ní. Mo sáré padà lọ bá a, ó ní kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí n wọ kóòtù, kí n fi mọ́tò gbé àwọn ẹlẹ́wù dúdú tó ń ṣèjọba yí pápá ká, kí wọ́n máa juwọ́ sáráàlú.

ARGIA: Kí lo sọ?

ORESTE: Mo ní tó bá jẹ́ òkú ni mo fẹ́ máa gbé, ọkọ̀ òkú wà ní Vignale.

ARGIA: Ṣe jẹ́jẹ́! Orí fóònù lo wà! [Ó sọ ọ́ sókè.] Àwàdà ló ń ṣe o! Àbúrò mi fẹ́ràn àwàdà!

ORESTE: Mi ò ṣàwàdà. Ó nawọ́ sí mi, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ mọ̀.” Ó parí. Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mò ń bẹ̀ yín sí ni pé ẹ má jẹ́ kí wọ́n wá. Medardo á gbé àsíá jáde. Wọ́n á máa pariwo orúkọ mi níwájú Lamberto. Ojú á tì mí kú.

ARGIA: Oreste.

ORESTE: Wọ́n lè yà sí Ancona, kí wọ́n jẹ ẹja, kí wọ́n padà—

ARGIA: Oreste, fara balẹ̀. Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kó bá ọ lójijì. Bàbá wà nínú ọkọ̀ náà.

ORESTE: Bàbá ta ni?

ARGIA: Bàbá wa.

[Wáyà ń hó gan-an.]

ORESTE: Mi ò gbọ́. Ẹ tún un sọ.

ARGIA: Mo ní Bàbá wa ń bọ̀! Ṣé o gbọ́ mi?

ORESTE: Irọ́. Bàbá tó ní òun ò ní fi ojú òun wo ohun tó gba oúnjẹ lẹ́nu òun? Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba ife-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fọn fèrè kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀kùn ló tì! Mo rí i. Mo wà lórí ejìká àwọn èèyàn, mo rí i tó ń ti ilẹ̀kùn.

ARGIA: Ó jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, ó ń sunkún. Mo wà nínú ilé.

ORESTE: Ẹ ò sọ fún mi.

ARGIA: Ó ní kí n má sọ. Bàtà irin tó ń kàn mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin ló fi tọ́ wa, Oreste. Mọ́tò dé, ẹṣin tán, ọmọ rẹ̀ wá lọ jókòó sínú mọ́tò. Báwo ni kò ṣe ní dùn ún? Ṣùgbọ́n àgbà ti dé sí i. Lánàá ó fá irùngbọ̀n, ó mú kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀ jáde. Ó ní òun fẹ́ rí ọ ní ẹ̀ẹ̀kan, kí ilẹ̀ tó gba òun. Ó ní kí n fi yíǹkì ya nọ́ńbà mọ́tò rẹ sí àtẹ́lẹwọ́ òun kí òun má baà wo ọmọ ẹlòmíì.

ORESTE: Nọ́ńbà mẹ́jọ.

ARGIA: Mẹ́jọ. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ kò bí ẹni mú owó. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dì í lọ́wọ́ mú láti gun ọkọ̀.

[Oreste fọn imú.]

ARGIA: Ṣé o gbọ́ mi?

ORESTE: Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ẹ sọ fún mi. Kí ni mo fẹ́ sọ?

ARGIA: Má sọ nǹkan kan.

ORESTE: Ẹn?

ARGIA: Òòlù ti di Bàbá létí tipẹ́. Kò lè gbọ́ nǹkan kan tí wọ́n bá kéde. Ojú rẹ̀ nìkan ló kù. Nọ́ńbà mẹ́jọ ṣì ni nọ́ńbà mẹ́jọ. Mọ́tò pupa ṣì ni mọ́tò pupa. Lamberto á dé fìlà eré, á fi awò bojú, epo á kùn ún lójú. Ta ló máa mọ̀?

ORESTE: Ẹ̀gbọ́n—

ARGIA: Wọ́n á yà kí ọ ní hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá dé ní ìrọ̀lẹ́. Kí Bàbá, jẹ́ kó fọwọ́ kàn ọ́. Fa Medardo sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó pa ẹnu gbogbo wọn mọ́. Lọ́la, fi ara rẹ pamọ́ títí eré á fi parí.

ORESTE: Kí bàbá mi máa pàtẹ́wọ́ fún Lamberto.

ARGIA: Kó máa pàtẹ́wọ́ fún ọ! Ìwọ ni yóò rí. Ó ti pẹ́ kó tó wá, mo mọ̀, àmọ́ ó ń bọ̀. Ṣé kó padà sílé lọ kú pé ọjọ́ kan ṣoṣo tí òun lọ wo ọmọ òun ni wọ́n lé e?

[Oreste tún fọn imú.]

ORESTE: Ó dára.

ARGIA: Ọlọ́run á bù kún ọ. Ìborùn aláwọ̀ aró Ìyá wà lọ́wọ́ rẹ, àbí? Èyí tí o máa ń so mọ́rùn tí o bá ń sáré?

ORESTE: Ó wà lọ́rùn mi báyìí.

ARGIA: Bàbá ló rà á fún Ìyá. Òun ló máa kọ́kọ́ wá. [Ó mí kanlẹ̀.] Wàá fún Lamberto so.

ORESTE: Kí lẹ sọ?

ARGIA: Bẹ̀ ẹ́. Ọmọ yẹn ń bẹ̀rù rẹ, kò ní kọ̀.

ORESTE: Kí n bẹ Lamberto! Mo fún un ní kọ́nà, wọ́n fún un ní ìjókòó mi, ẹ wá ní kí n fún un ní ìyá mi, kí n gbé bàbá mi lé e! Ṣé kí n bọ́ awọ ara mi fún un náà?

ARGIA: Ọ̀la nìkan, Oreste.

ORESTE: Tó bá wá yí i dànù ńkọ́?

ARGIA: Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Kí ló máa yí i dànù?

ORESTE: Mọ́tò yẹn ní àrùn kan. Tí ó bá gbóná tán, bíréèkì ẹ̀ máa ń fà sápá ọ̀tún. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó já sí òkun, ọ̀tún ni ọ̀gbun wà. Tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ bí ó ti ń tẹ mọ́tò yòókù, ó parí. Díẹ̀díẹ̀ ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́. Mo mọ bí mo ṣe ń tàn án.

ARGIA: Lamberto ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?

ORESTE: Láti ibo? Òní ni wọ́n fún un.

ARGIA: Ṣùgbọ́n o ti sọ fún un.

[Wáyà ń hó.]

ARGIA: Oreste, ṣé o ti sọ fún un?

ORESTE: Kò bi mí.

ARGIA: Jésù! Ọmọ ọlọ́mọ ni! Ó ní ìyá nílé!

ORESTE: Ẹnikẹ́ni ò bi mí, Ẹ̀gbọ́n. Gbogbo wọn ló mu wáìnì mi, ẹnikẹ́ni ò bi mí.

ARGIA: Bàbá á dúró síbẹ̀! Á máa wo nọ́ńbà mẹ́jọ, á rí ìborùn Ìyá tó ń lọ sínú ọ̀gbun, á rò pé ìwọ— Oreste! Lọ bá ọmọ yẹn báyìí. Lọ sọ fún un kí ọkọ̀ Medardo tó dé. Ṣé o gbọ́ mi?

[Wáyà ń hó. Ẹnì kan ń mí.]

ARGIA: Mo ní ṣé o gbọ́ mi?

ORESTE: Mo gbọ́ yín.

ARGIA: Gbígbọ́ kọ́ ni mo bi ọ́. Ṣé wàá sọ fún—

[Ìlà já.]