Ilé Ìyá Sàhéèdì

Ẹ súnmọ́bí, ẹ̀yin ará ilé, mo ní ìtàn ilẹ̀ kan lẹ́nu. Ọ̀sán Sátidé ni, lọ́dún 2006. Morádéyọ̀, tíṣà láti Èkó, dúró lórí plọ́ọ̀tì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Mowe. Sàhéèdì, ejẹ́ǹtì tó tà á fún un, iṣẹ́ náà ò tíì mọ́ ọn lára, wà lọ́jà Ifọ̀.

SÀHÉÈDÌ: Hẹlóò, Aunty Morádéyọ̀, ẹ káàsán. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó—

MORÁDÉYỌ̀: Iṣẹ́ wo? Wọ́n ti gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ bíríkìlà. Ṣé o gbọ́ mi?

SÀHÉÈDÌ: Mo gbọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ni, ẹ má dá wọn lóhùn—

MORÁDÉYỌ̀: Bàbá Yínúsà ni, olórí ẹbí tó ni ilẹ̀. Orí búlọ́ọ̀kù mi ló jókòó sí. Ó ní ìwọ làwọn tà á fún, àgírímẹ́ǹtì ò sì sọ pé o lè gbé e fún ẹlòmíràn. Ó ní a kì í mọ ọkọ ọmọ ká tún mọ àlè rẹ̀.

SÀHÉÈDÌ: Bíṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn, Aunty. Èèyàn á kọ́kọ́ fi ìwé so ilẹ̀ mọ́lẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, á wá wá ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀—

MORÁDÉYỌ̀: Ṣé wọ́n mọ̀ pé o máa tà á?

SÀHÉÈDÌ: [ariwo ọjà] Hẹlóò? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Network yìí—

MORÁDÉYỌ̀: Fi network sílẹ̀. Ṣé wọ́n mọ̀?

SÀHÉÈDÌ: Tí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní dín owó ilẹ̀ kù fún mi. Ẹ̀yin náà ò sì ní kẹ́ ẹ rí wọn.

MORÁDÉYỌ̀: Mo ní kí n rí wọn. O ní wọ́n rìnrìn àjò. Kí lo sọ fún wọn?

SÀHÉÈDÌ: Mo ní... mo ní mo fẹ́ fi kọ́lé fún màmá mi.

MORÁDÉYỌ̀: O fi ìyá tó bí ẹ dọ́gbọ́n. Landlord wa ti ní ká kó jáde lóṣù tó ń bọ̀. Orí irọ́ ẹ ni kí n tẹ́ ẹní fáwọn ọmọ mi sí?

SÀHÉÈDÌ: Please, ma. Màá ṣàlàyé fún Bàbá.

MORÁDÉYỌ̀: Ṣàlàyé báyìí. Ẹ gbà, sà.

[Fóònù bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.]

BÀBÁ YÍNÚSÀ: Sàhéèdì.

SÀHÉÈDÌ: Mo dọ̀bálẹ̀, sà.

BÀBÁ YÍNÚSÀ: Dìde. Ariwo ọjà ni mò ń gbọ́, wọ́n á tẹ̀ ọ́ pa. Ẹni tó ń rajà kì í tọrọ. Ìwọ tọrọ ẹ̀dínwó, a fún ẹ nítorí ìyá ẹ, o wá gbé àánú wa lọ sọ́jà.

SÀHÉÈDÌ: Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lọ. Màá wá lọ́la, ká tún ìwé kọ, kí Aunty fọwọ́ sí i, kí ẹ̀yin náà—

BÀBÁ YÍNÚSÀ: Ìyẹn ló yẹ kó ṣáájú ṣọ́bìrì. Mo ti rán Táíyé ọmọ mi lọ sí Àgbàdo láàárọ̀.

SÀHÉÈDÌ: Àgbàdo? Ta lẹ rán an sí?

BÀBÁ YÍNÚSÀ: Ẹni tó nilé. Ó ti dé, ó ń gbàdúrà fún ẹ. Gbà, Ìyá Sàhéèdì.

SÀHÉÈDÌ: Bàbá, ẹ má fún wọn—

ÌYÁ SÀHÉÈDÌ: Sàhéèdì ọmọ mi, alihamudulilai. O ò tiẹ̀ ta mí lólobó. Wọ́n ti fi ibi tí yàrá mi máa wà hàn mí.

SÀHÉÈDÌ: Màámi—

MORÁDÉYỌ̀: [láti ẹ̀yìn] Ẹ bi í, mà. Ẹ bi í, ta ló nilé.

ÌYÁ SÀHÉÈDÌ: Sàhéèdì, ta lobìnrin tó ń sunkún nínú yàrá mi yìí?

SÀHÉÈDÌ: Màámi, ṣé ẹ gbọ́ mi? Màá—

[Fóònù gé.]

Táíyé tó lọ mú ìyá náà wá, tí ohùn fóònù sì ń ta sí i létí, ló sọ ọ́ fún mi.