Wọ́n Ní Kí N Ju Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Nù Kí Ọ̀rẹ́ Mi Lè Padà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ bá mi dá sí i. Obìnrin kan wà ní òdìkejì títì ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsẹ́yìn níbí. Láràárọ̀ tí mo bá ń gbálẹ̀, òun náà á máa gbá tirẹ̀. Ọwọ̀ á máa dún lọ́tùn-ún, á máa dún lósì, ṣùgbọ́n ẹnu wa kò ní dún. Ìyá Sìkírá ni. Láti ìgbà tí a ti ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré láàárín òfì tí àwọn bàbá wa fi ń hunṣọ la ti ń ṣọ̀rẹ́. Àwọn èèyàn ní èmi ni mo lé e lọ. Wọ́n ní kí n bẹ̀ ẹ́, kí n sì ju kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan nù, kó lè mọ̀ pé mo ti ronú pìwà dà. N kò ronú pìwà dà o! Ọ̀rẹ́ tí mo pàdánù ń dùn mí dé egungun, ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ kò dùn mí rárá.

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ forí jì mí bí mo bá ń ṣàlàyé bí ẹni tó mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Èmi àti Ìyá Sìkírá la jọ ra ẹ̀rọ mọ́nógírámù àlòkù kan, irú èyí tó ń fi òwú kọ orúkọ àti àmì sára aṣọ. Bájì ilé ìwé ni iṣẹ́ wa. Láti Ìgànná títí dé Àgọ́-Àrẹ, bí ẹ bá rí ọmọ tí ẹyẹ tàbí ìwé wà láyà súwẹ́tà rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ wa ló ti jáde. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ fún ẹ̀rọ náà ibi tí abẹ́rẹ́ yóò ti gún aṣọ, àwa méjèèjì la sì jọ yàwòrán gbogbo bájì yẹn sínú rẹ̀. Ilé ìwé kan ní Ìgbòho ní iṣu làwọn fẹ́. Ẹ wá wo ìjà lórí ewé iṣu! Ìyá Sìkírá á na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà, á ní, "Tíṣà, iṣu lo yà yìí àbí ẹsẹ̀ jàbùtẹ̀?" A ó rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Òun ló wá ya ewé náà níkẹyìn, ó sì dára ju tèmi lọ.

Nígbà tó yá, ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú kọ̀ǹpútà. Ó ní ètò tó ń darí òun ti gbó, àwọn tó ṣe é kò ní máa tún un ṣe mọ́, kí a fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Kí ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà? Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìyálé ilé. Òun ló mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà, òun ló mọ ẹni tó yẹ kó ṣílẹ̀kùn fún. Bí ìyàwó tuntun bá gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ilé lè mọ́ tónítóní, ilẹ̀kùn sì lè le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ṣé ó mọ àlejò àtijọ́ tó máa ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé? Ẹ̀rọ mọ́nógírámù wa ni àlejò yẹn.

Ìyá Sìkírá ń bẹ̀rù pé olè á gba inú ètò tó ti gbó wọlé jà wá. Kò parọ́. Mo gbà fún un. Mo ní kí a dúró de ìgbà tí àwọn ilé ìwé bá gba ọlidé, kí a ra kọ̀ǹpútà mìíràn, kí a dán an wò kí a tó fọwọ́ kan èyí tó ń bọ́ wa. Ó kọ̀ jálẹ̀. "Tíṣà, gbogbo ìgbà ni ká dúró, ká dúró! Ṣé dídúró ni ìjọba ń san owó ìfẹ̀yìntì fún ẹ lé lórí ni?"

Mo lọ sìnkú àna mi ní Ṣakí. Kí n tó dé, ó ti pe ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, onítọ̀hún ti fọ gbogbo inú rẹ̀, ó ti fi ètò tuntun sí i. Ojú kọ̀ǹpútà ń dán gbinrin. Ṣùgbọ́n kò mọ ẹ̀rọ wa rí! Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà sì ti kógbá wọlé, kò sí ẹni tí a lè bẹ̀ pé kó bá wa fi àwọn méjèèjì mọra. Àwọn ọmọ ti fẹ́ wọlé, súwẹ́tà ga dé àjà. Ọ̀gá ilé ìwé kan jókòó sórí àga, ó ń wo ẹ̀rọ bí ẹni tó ń wo òkú. "Ẹ̀yin ìyá, ṣé àyà òfìfo làwọn ọmọ yóò gbé wá síléèwé ni?" Ẹni tó tún kọ̀ǹpútà ṣe ní tirẹ̀ ní, "Màmá, ẹ ò ṣe kúkú ra ẹ̀rọ tuntun?" Bí ẹni pé àgbàdo sísun ni ẹ̀rọ!

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Bí ahunṣọ bá hun aṣọ kan tán, kì í fa ìdí òwú tó ṣẹ́ kù sórí òfì yọ. Á fi í sílẹ̀ níbẹ̀, á máa so òwú tuntun mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àtijọ́ lè fa tuntun wọlé. Ọmọ Ìsẹ́yìn mọ èyí kó tó mọ àlùwàlá ṣe. Mo wo ọ̀rẹ́ mi lójú níwájú gbogbo oníbàárà, mo ní, "Ìyá Sìkírá, ṣé ilé ahunṣọ ni wọ́n ti tọ́ ẹ, tí o fi gé òwú àtijọ́ kí o tó so tuntun?"

Nílùú wa, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti hú bàbá ẹni jáde nínú sàréè. Ó mú gèlè rẹ̀, ó ní, "Ó dáa, Tíṣà. Máa so ó lọ." Ó jáde. Kò pẹ́ tó fi ṣí tirẹ̀ sí òdìkejì, pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun àti kọ̀ǹpútà tuntun.

Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo gbà, ó ti fọ́. Ṣùgbọ́n fífọ́ rẹ̀ kò sọ ọ́ di irọ́! Àwòrán àti ètò àtijọ́ tí mo fi pamọ́ sínú fíláàṣì ni mo fi jí kọ̀ǹpútà náà dìde, ṣùgbọ́n kí n tó ṣe é tán, àwọn ilé ìwé kan ti kó súwẹ́tà wọn lọ. Lónìí, kọ̀ǹpútà méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Tuntun ló ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àtijọ́ kò mọ íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́, ẹ̀rọ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀, fíláàṣì àlejò kò sì gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe oníṣòwò tó ń lọ́ra ní aláìlajú, ṣé ẹ máa bá a jókòó ti iṣẹ́ tó bá dúró? Ẹ̀yin oníṣòwò náà, ẹ má fi mí bojú o. Ẹni tó ń dúró tí kò so òwú kankan, oorun ló ń sùn, olè á sì bá a lórí ẹní.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo rí ọmọ ilé ìwé Ìgbòho yẹn kan pẹ̀lú súwẹ́tà tuntun láyà. Iṣẹ́ Ìyá Sìkírá ni. Ó ti tún iṣu náà yà, nítorí àwòrán wa kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ewé rẹ̀ kò rí bó ṣe yẹ. Ewé tí òun fúnra rẹ̀ yà! Ọkàn mi gbọgbẹ́. Mo ti yí àwòrán náà padà sí irú èyí tí ẹ̀rọ tuntun lè kà, mo ti fi í sínú fíláàṣì, ó wà lórí àga Ìyá Sìkírá tí n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé.

Àwọn ará ilé ní kí n gbé e sọdá títì, kí n kúnlẹ̀, kí n ní mo purọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n sọdá ni, àbí kí n dúró dè é? Bí ẹ bá ní kí n sọdá, mo lè sọdá. Ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n jẹ́wọ́ irọ́ tí n kò pa, ẹ má sì ní kí n gé òwú. Ìdí rẹ̀ ṣì wà lórí òfì. Kó wá so tirẹ̀ mọ́ ọn, kó sì tún wá bú iṣu mi.