Òkúta Tí Kò Dún

Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, kí ẹ sì fa ilẹ̀kùn dé. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe fún mi lọ́jọ́bọ̀ ló jẹ́ kí gbogbo yín rọ́ wá sílé mi lónìí, ẹ sì ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ pín ogún. Kò sí ogún kankan. Ọ̀rọ̀ ló wà, mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé yìí, torí pé bí mo bá ní kí n sọ ọ́ lásán, ẹnu mi á tún wá ọ̀nà láti gbè mí lẹ́yìn. Dókítà ní ọkàn mi lè fara da iṣẹ́ abẹ náà, ó sì lè má fara dà á. Bí kò bá fara dà á, mi ò fẹ́ kí irọ́ tí mo pa lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn máa gbélé ayé lẹ́yìn mi. Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà mi, kó dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kà á tán.

Gbogbo yín lẹ mọ bí ojú ọ̀tún ọkọ àbúrò mi ṣe fọ́. Èmi ni mo sọ ìtàn náà fún yín. Mo ní òun ni kò gbọ́ ìkìlọ̀, pé ó fi irin ti ẹ̀gbẹ́ òkúta ẹ̀rọ ìpọ́nrin, tí òkúta náà fi fọ́ tó sì fò lù ú lójú. Irọ́ ni. Èmi ni mo fọ́ ojú ọkùnrin yìí, mo sì bá a jókòó nídìí tábìlì oúnjẹ fún ọdún mọ́kànlá, mo ń ní kó bá mi gbé iyọ̀.

Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é, torí iṣẹ́ olùkọ́ ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Èmi ní tèmi, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe páìpù. Ibẹ̀ ni mo ti gba orúkọ Elétí. Bí ẹ̀rọ kan bá ń ṣàìsàn, màá dúró tì í, màá dijú, màá sì sọ ibi tó ń dùn ún. Ọdún kan náà ni èmi àti Tíṣà fẹ̀yìn tì. Èmi jókòó sílé, mo ń bá ìyàwó mi jà lórí ibi tó yẹ kí ìgbálẹ̀ wà. Òun sọ yàrá kékeré ẹ̀yìn ilé wọn di ibi iṣẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan àpótí ìjókòó. Èyí tó kọ́kọ́ kàn ń tiro. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ìkẹrin dára. Ó dára ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́jọ́ ìbí àbúrò mi, ẹ gbé àpótí yẹn láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹ ń fọwọ́ ra á, ẹnì kan nínú yín sì ní, “Tíṣà, ẹ ti fi ọwọ́ iṣẹ́ ju Elétí lọ o!” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ jẹ́ kí n pe nǹkan náà lórúkọ rẹ̀: ìlara ni.

Kò pẹ́ sígbà náà ló wá bá mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sìn mí lọ ra ẹ̀rọ ìpọ́nrin. Gbogbo irin ìgbẹ́gi mi ló ti kú. Mi ò fẹ́ èyí tó wọ́n o, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni màá máa lò ó.” Ìmọ̀ràn gidi ni mo fún un lójú ọ̀nà, kí ẹ má rò pé ìkà ni mo gbèrò láti ilé. Mo ní kó má wulẹ̀ wo àwọn ńlá tí wọ́n ń lò nílé iṣẹ́, pé kékeré tí owó rẹ̀ rọjú, tí wọ́n ń dè mọ́ tábìlì, ti tó fún ọ̀bẹ ìdáná àti irin ìgbẹ́gi. Kó ṣáà wò ó pé ó ń yí geere, pé irin tí wọ́n ń gbọ́wọ́ lé níwájú òkúta dúró ṣinṣin, pé ike tó ń dáàbò bo ojú wà lára rẹ̀. Mo tún kìlọ̀ pé kó má ṣe fi irin ti ẹ̀gbẹ́ òkúta láé. Paríparì rẹ̀, kó rí i pé òkúta rẹ̀ pé. Ó fa ìwé kékeré kan yọ, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń rìn. “Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé òkúta pé, Ẹ̀gbọ́n?” Mo ní, “A máa ń kàn án ni. Èyí tó pé máa ń dún bí agogo. Èyí tó ti sán, bí ẹni kan igi ni.” Ó rẹ́rìn-ín. “Etí tèmi ò lè mọ ìyẹn. Etí tiyín ni mo gbé wá.”

Méjì péré ló kù lórí pẹpẹ nísọ́ọ̀bù. Onísọ́ọ̀bù ní ó di oṣù méjì kí òmíràn tó dé, ó sì padà sídìí ìwé ìròyìn rẹ̀. Mi ò ti ilé wá láti ra nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fọwọ́ kan irin yẹn báyìí, ọwọ́ mi rántí iṣẹ́, mo bá ní èmi náà fẹ́ mú ọ̀kan. Inú Tíṣà dùn bí ọmọdé. Mo yá sukudiráfà lórí káúńtà, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan òkúta méjèèjì tó wà lára ti àkọ́kọ́. Wọ́n dún, gbinrin, gbinrin. Mo kan ti èkejì. Òkúta apá òsì dún. Ti apá ọ̀tún dún kò, bí ẹni kan igi. Mo yí i díẹ̀, mo tún un kàn. Bákan náà ló dún. Àwọn tó wà níbẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan. Èmi gbọ́.

Tíṣà tẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. “Kí lẹ gbọ́, Ẹ̀gbọ́n? Èwo ni kí n mú?” Ká ní mo sọ òtítọ́ ni, ọ̀kan ṣoṣo là bá gbé kúrò níbẹ̀, òun ni ì bá sì ni ín, torí òun ló ní kí n sin òun wá. Mo gbé èyí tó dún sábẹ́ apá mi. Mo nawọ́ sí èkejì, mo ní, “Ọ̀kan náà ni wọ́n. Mú èyí.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó tún dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, níwájú káúńtà, bó ṣe máa ń ṣe.

Mo sọ fún ara mi pé òkúta ṣeé pààrọ̀, pé tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ màá sọ fún un bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí mi lọ́kàn ni. Ṣé ẹ mọ ohun tó dí mi lọ́wọ́? Bí mo bá sọ ọ́, ó máa bi mí pé, “Ṣé ẹ ò gbọ́ ọ lọ́jọ́ tá a rà á ni?” Kí ni Elétí fẹ́ wí? Mo wá ń fòní dónìí, mo ń fọ̀la dọ́la. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òun fúnra rẹ̀ ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé tèmi ń gbọ̀n.” Ẹ wo ilẹ̀kùn tí Ọlọ́run ṣí sílẹ̀ gbayawu! Mo ní, “Èyí tí owó rẹ̀ rọjú kò lè ṣe kó má gbọ̀n. Máa fara dà á.”

Ní àárọ̀ Sátidé kan ni fóònù dún. Àbúrò mi ni. “Bọ̀dá mi, ẹ gbà mí o! Tíṣà... ojú ẹ̀... a ti ń gbé e lọ sọ́sípítù!” Èèyàn gidi ì bá forí lé ọsípítù. Ilé wọn ni mo gbà lọ. Ẹ̀rọ náà ṣì ń yí nígbà tí mo wọ yàrá yẹn, òkúta kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù ń sáré yí lọ. Mo pa iná rẹ̀. Ike ìdáàbòbò wà ní bíbò sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Òkúta ti là á kọjá. Ìwé kékeré rẹ̀ wà lórí fèrèsé, ó ṣí i sílẹ̀ kó lè máa wò ó. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Má ṣe fi irin ti ẹ̀gbẹ́ òkúta láé,” ó sì fa ìlà méjì sí i nídìí. Mo wá àfọ́kù òkúta nílẹ̀ títí mo fi rí èyí tí mo ń wá. Bí òkúta bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, ojú ibi tó ti fọ́ máa ń mọ́ ni. Ti eléyìí, apá kan mọ́, apá kejì dúdú, ó ti dọ̀tí láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ tó bá rí i á mọ̀ pé ó ti sán kó tó dé ilé yẹn. Mo fi áńkáṣíìfù wé e, mo kì í bọ àpò. Mo pa ìwé rẹ̀ dé, mo kì í bọ àpò kejì.

Ẹ má tíì sunkún, ibi tó burú ò tíì dé. Nígbà tí mo dé ọsípítù, àbúrò mi dì mọ́ mi. “Bọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Kí ló fà á?” Tíṣà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti di orí rẹ̀, ó ń gbọ́ wa. Mo la ẹnu mi, mo ní, “Ó fi irin ti ẹ̀gbẹ́ òkúta. Mo sì kìlọ̀ fún un.” Gbólóhùn tó fa ìlà sí nídìí yẹn náà ni mo fi lù ú. Mo ń retí kó ní irọ́ ni. Ó wá na ọwọ́, ó ń wá ọwọ́ mi. “Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò rántí pé mo ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ kọ́ mi, mi ò gbọ́.” Ó bẹ̀ mí, èmi náà sì dárí jì í. Ẹ gbọ́ mi yé o. Mo dárí jì í!

Lẹ́yìn oṣù méjì, ó kó gbogbo irin iṣẹ́ rẹ̀ wá fún mi nínú àpótí tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Ó ní, “Ọwọ́ tèmi kì í ṣe ọwọ́ iṣẹ́.” Mo gbà á. Látìgbà náà, bó bá mú ọ̀bẹ láti gé búrẹ́dì lásán, àbúrò mi á ní, “Rọra o, ìwọ tí kì í gbọ́ ìkìlọ̀.” Ẹ̀yin ọmọ á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, èmi ni mo sì máa ń rẹ́rìn-ín jù. Lóṣù tó kọjá, níhìn-ín, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ní, “Bàbá àgbà, ẹ kan àpótí ìjókòó kékeré fún mi.” Mo rí Tíṣà tó rọra ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ itan. Kò sẹ́ni tó rí i àfi èmi. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti lè gbé oúnjẹ mì dáadáa, kì í ṣe ọkàn tí dókítà ń sọ ló fà á.

Àbúrò mi, bínú sí mi bó ṣe wù ẹ́, o ní ẹ̀tọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá mọ ohun tó lè pa ẹlòmíràn lára, lójú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ sọ ọ́, kódà kó sọ yín di òmùgọ̀ níwájú èèyàn. Mo dúró de ọ̀sẹ̀ kan, ó di ọdún mọ́kànlá.

Tíṣà, mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. O máa ń yára jù. Lọ rò ó dáadáa lákọ̀ọ́kọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o gbọ́ níṣojú gbogbo wọn: ọwọ́ rẹ kò ṣe àṣìṣe kankan. Gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ lo ṣe. Àfọ́kù òkúta yẹn rèé lórí tábìlì, ìwé kékeré rẹ náà rèé. Àpótí irin iṣẹ́ rẹ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọdọọdún ni mo ń pọ́n wọn lórí ẹ̀rọ tó yẹ kó jẹ́ tìrẹ, mi ò sì jẹ́ fi wọ́n gé nǹkan kan rí. Wọ́n mú. Apá òsì rẹ ni mo kó gbogbo rẹ̀ sí, kí o lè fi ojú tó kù rí i.