Èmi Ni Mo Wẹ Òkú Àbúrò Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi. Owú mi ló pa àbúrò mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló nà án. Ó ti wà nínú ilẹ̀ báyìí, síbẹ̀ owú náà kò tíì tán nínú mi. Irú èèyàn wo ni mí gan-an?

Aṣọ ni mò ń tà ní Ìdí-Ìrókò. Tíṣà kan máa ń wá rajà lọ́wọ́ mi, a sì fẹ́ràn ara wa, ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ ni, Mùsùlùmí sì ni wá. Bàbá ní ọmọ àwọn kò ní fẹ́ oníṣọ́ọ̀ṣì láéláé. Mo sunkún títí, mo fi í sílẹ̀. Àfi bí mo ṣe rí Rìsíkátù, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, lẹ́yìn ọ̀kadà ọkùnrin yìí kan náà ní Ajílété, tó dì mọ́ ọn gbágbá, tó ń rẹ́rìn-ín. Họ́wù! Èmi tí mo gbọ́ràn ni mo wá di ẹni ẹ̀yìn? Mo délé, mo sọ fún Bàbá. Ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn, mo fi kún un pé ó ti lóyún. Irọ́ ni o! Mo kàn fẹ́ kí wọ́n nà án, kó fi í sílẹ̀ bíi tèmi ni.

Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́, wọ́ Rìsíkátù wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. "Kàkà kí o kó ìtìjú bá ilé yìí, kú!" là ń gbọ́. Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, wọn ò ní kó dáwọ́ dúró. Èmi náà ò sọ pé irọ́ ni mo pa. Nígbà tí ilẹ̀kùn fi máa ṣí, Rìsíkátù ò mí mọ́.

Wọ́n ní àìsàn òjijì ni, wọ́n sì sin ín kí ọjọ́ tó rọ̀. Èmi àti màmá àgbà kan la wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ wú, ó dúdú. Nígbà tí mo tú aṣọ ìdí rẹ̀, nǹkan oṣù rẹ̀ ló ń ṣe lọ́wọ́. Màmá wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá wẹ òkú kì í sọ ohun tó rí." Àáfà tí mo lọ bá ní Ayétòrò ní àlébù òkú ni ẹ̀sìn ní ká bò, kì í ṣe ọ̀ràn ẹni tó pa á, àti pé ẹ̀sìn kankan ò ní kí èèyàn pa ọmọ rẹ̀ nítorí ojú ayé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíṣà wá sí ìsọ̀ mi. "Àǹtí, àìsàn wo ló pa á?" Ó ń sunkún bí ọmọdé. Ṣé ó sunkún tèmi báyìí rí? Mo ń ká aṣọ ọjà mi. Ó ní òun á padà wá.

Kí ni kí n sọ? Bí mo bá la ẹnu, ẹ̀wọ̀n ni ẹ̀gbọ́n mi ń lọ, ọ̀rọ̀ á sì kan Bàbá. Ọkùnrin yìí náà ò ní fẹ́ fojú kàn mí mọ́ láyé. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ fún yín: ti ọkùnrin yìí gan-an ló ń dí mi lẹ́nu.