Ẹ̀gbà Ọwọ́ Ìyá Wa Tí Mi Ò Dúró Tì Lẹ́bàá Iná

Òrùka méjì wà nínú àpótí aṣọ mi ní Omagba, nílẹ̀ Ìgbò níbí. N kò lè wọ ọ̀kan, n kò sì mọ bí n óò ṣe fún àbúrò mi ní èkejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ bá mi dá sí i.

Nígbà tí ìyá wa kú, ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún èmi àti àbúrò mi obìnrin. Mẹ́kà ló ní òun ti rà á. A kò fẹ́ gé e sí méjì, a wá fẹnu kò pé kí a yọ́ ọ, kí a fi rọ òrùka fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kan lẹ́bàá ọjà Ochanja. Ó gbé àpótí ìjókòó síwájú iná, ó fi Píjìn sọ fún mi pé, "Nne, ìyá, ẹ jókòó. Ẹni tó ni góòlù kì í kúrò níbí títí yóò fi yọ́."

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe. Mo lè wo gbólóhùn kan láti àárọ̀ di ọ̀sán kí n tó gbà pé kò ṣìnà, ṣùgbọ́n ojú tì mí láti tẹjú mọ́ ọwọ́ ọkùnrin náà bí ẹni ń ṣọ́ olè. Mo ní mo fọkàn tán an. Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin Yorùbá, ìtìjú yín ti pọ̀ jù. Tó bá dọ̀la, ẹ ó ní Ìgbò gbé góòlù yín." Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo jáde lọ ra ọsàn.

Nígbà tí mo padà dé, òrùka méjì ti ń dán lórí tábìlì rẹ̀. Ilé ni mo dé kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí. Ẹ̀gbà ìyá wa pọ́n bí epo. Àwọ̀ àwọn òrùka yìí dà bí èyí tó ti ṣá, wọ́n sì fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo padà lọ bá a. Kò bínú. Ó ní ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́ ni iná bọ́ kúrò lára rẹ̀, ó wá wò mí: "Nne, ṣé mi ò gbé àpótí fún yín?"

Alágbẹ̀dẹ mìíràn wà ní Bridge Head tó máa ń kán oògùn sí wúrà láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo yí padà. Bí ó bá ní ayédèrú ni, ta ni n óò mú? Ó lè jẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí látilẹ̀wá, pé ìyá wa kò ra wúrà kankan ní Mẹ́kà. Ẹ̀gbà ti yọ́. Kò sí ohun tí a óò fi wé e mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé ni àbúrò mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Òun ló máa ń bá ìyá wa fọ ẹ̀gbà náà, ó mọ àwọ̀ rẹ̀ jù mí lọ. Lánàá, ó bi mí lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó tì í, àbí?"

Mo ní mo jókòó.

Ẹnu ara mi ni mo fi yọ alágbẹ̀dẹ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èmi nìkan ló kù tí àbúrò mi lè fura sí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n sọ fún un kí ọkọ̀ rẹ̀ tó rékọjá odò Ọya?