Obìnrin Tí Mo Gé Kúrò Nínú Àwòrán Bàbá

Wọ́n ń pe obìnrin kan ní apààyàn lábúlé wa, èmi ni mo sì fà á. Oṣù mẹ́rin ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú, tí mò ń jẹun, tí mò ń rẹ́rìn-ín, tí mò ń ya fọ́tò fáwọn èèyàn. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ síta. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó bú mi. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè wá bú mi dáadáa.

Ẹ má sì bínú tí mo bá ń kọ "ó" fún àwọn àgbà. Mo fẹ́ kó yé yín yékéyéké, ẹni tó ṣe kí ni.

Fóònù ni mo fi ń ya fọ́tò, ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo níbí. Ẹ mọ bí àwa ṣe ń ṣe tí wọ́n bá ní ká wá ya fọ́tò: a ó dúró gan-an, ọwọ́ méjèèjì á lẹ̀ mọ́ ara, ojú á le bíi ti ẹni tí wọ́n gbé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Èmi kì í gbà bẹ́ẹ̀. Màá ní kí oníbàárà máa rìn bọ̀, kó máa tún gèlè ṣe, kó yíjú padà bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́yìn. Màá ní, "Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ o." Irọ́ ni. Ìka mi ti wà lórí fóònù, mo ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń yà á lọ tá-tá-tá, bí ogójì lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ogójì yẹn, ọ̀kan péré ni màá mú, èyí tí ara ti rọ̀ jù.

Bàbá tó bí ìyá mi ní oko kòkó kan lábúlé wa, lápá Itagunmodi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Ìdó nítorí pé Ìdó-Ọ̀ṣun ló kọ́lé sí, ti ń wo oko yẹn tipẹ́. Àwọn awagóòlù ti bá a sọ̀rọ̀. Bàbá ní tí òun bá ṣì wà láyé, ẹnikẹ́ni ò ní gbẹ́ kòtò sídìí kòkó òun.

Ìgbà tó yá, àrùn rọpárọsẹ̀ mú Bàbá. Apá òsì rẹ̀ rọ, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ nílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣì já geere, torí náà àwọn ọmọ tó ń pè é lórí fóònù kò fura. Ìyá Rónkẹ́ nìkan ló mọ̀, torí Bàbá kò jáde síta mọ́. Opó ni, ẹ̀kọ ló ń tà, Bàbá ló fún un ní yàrá kan nínú ilé rẹ̀. Òun ló ń gbé Bàbá dìde láàárọ̀, òun ló ń gbé omi ìwẹ̀ fún un, òun ló ń bá a wọ ṣòkòtò.

Ẹnì kan wá ta Dádì Ìdó lólobó. Ló bá pè mí. Ó ní, "Lọ ya Bàbá wá fún mi. Tí kò bá lè rìn mọ́, mò ń fi mọ́tò wá gbé e lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ oko tán nìyẹn." Nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀ kò lè gbé fídíò. Òun náà kò sì lọ wò ó. Odindi ọdún kan ni kò ti fẹsẹ̀ kan abúlé.

Mo bá Bàbá lórí àga. Mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ìjẹ̀ṣà ló fi dá mi lóhùn, àmọ́ màá kọ ọ́ bó ṣe máa yé gbogbo wa: "Ọmọ mi, yà mí bí ẹni tó ń rìn. Tí wọ́n bá gbé mi lọ sí Ìdó, oṣù kan ò ní pé tí màá fi kú. Jẹ́ kí n kú sílé mi." Ó ń sunkún. Mi ò rí i kó sunkún rí. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́?

Mo ṣe iṣẹ́ mi. A gbé e dìde, a fún un ní àdá lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìyá Rónkẹ́ dúró lápá òsì, ó ti ọwọ́ kan bọ abẹ́ bùbá Bàbá, ó fi di ìbàdí rẹ̀ mú, ó fi ìkejì gbé e lápá. Mo ní kí Bàbá gbé ara lé ẹsẹ̀ ọ̀tún, kó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ bẹ́ ẹ̀ka. Mo lóṣòó, mo tẹ fóònù, ó ń yà. Ẹ gbọ́ mi o: ṣíṣubú ni Bàbá ń ṣubú bọ̀, Ìyá Rónkẹ́ ló ń fà á padà. Àmọ́ nínú ọ̀kan, àdá wà lókè, atẹ́gùn wọ bùbá, ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ wá dà bí ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra. Bàbá tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, torí Ìyá Rónkẹ́ ń pariwo pé, "Háà, Bàbá, ẹ wúwo o!" Mo gé Ìyá Rónkẹ́ àti apá tó dì mú kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, mo fi ránṣẹ́.

Dádì Ìdó kò wá gbé e mọ́.

Fọ́tò tó dáa jù tí mo yà láyé mi nìyẹn. Mo tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, mo gbé e kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn èèyàn ń wọlé pé kí n ya àwọn bíi Bàbá yẹn. Mi ò kábàámọ̀ ẹ̀. Oṣù méjì sí i ni Bàbá lò nídìí kòkó rẹ̀, bó ṣe fẹ́. Tó bá tún bẹ̀ mí lónìí, màá tún yà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Rónkẹ́ gbé ẹ̀kọ lọ fáwọn oníbàárà. Bàbá fẹ́ dìde fúnra rẹ̀, ó ṣubú, ó forí sọ sìmẹ́ńtì. Kí Ìyá Rónkẹ́ tó padà dé, ó ti kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n pe obìnrin náà síwájú ẹbí. Ó ní, "Ẹsẹ̀ Bàbá ti rọ tipẹ́." Dádì Ìdó fò dìde, ó na fóònù sí i lójú. "Ta wá nìyí? Ṣé ẹni tó ń ju àdá báyìí ló máa ṣàdéédéé ṣubú? Kí lo fi sínú ẹ̀kọ tó o fún un?"

Ìyá Rónkẹ́ wo àwòrán náà. Ó wá wò mí. Kò dárúkọ mi, ó kàn ń wò mí ni. Mo tẹrí ba, mo ń tẹ fóònù mi bí ẹni tó ń wá nǹkan.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á ní èmi ni mo pa Bàbá. Wọ́n á ní ká ní àwọn mọ̀ ni, àwọn ì bá ti gbé e lọ sọ́sibítù. Bóyá òótọ́ ni. Ó ń dùn mí, mi ò ní parọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń ra ẹ̀kọ rẹ̀ mọ́ lábúlé. Iléṣà ló ń gbé e lọ kó tó rí tà. Àwọn ọmọdé ń pè é ní ìyá onímájèlé. Ẹbí sì ti ní kó kúrò nínú yàrá tí Bàbá fún un.

Dádì Ìdó, mo mọ̀ pé wọ́n á ka èyí fún yín. Mi ò bẹ̀ yín o. Ogójì ọjọ́ Bàbá kò tíì pé tẹ́ ẹ ti mú àwọn awagóòlù wọ oko. Bàbá tó bí yín lọ́mọ, fọ́tò rẹ̀ lẹ ní kí wọ́n mú wá. Mo mú un wá.

Mọ́kàndínlógójì ni àwòrán tó kù, mi ò pa ìkankan rẹ́. Ìyá Rónkẹ́ wà nínú gbogbo wọn, ó wa eyín pọ̀, ó ń fa bàbá olóbàbá dìde. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó gbogbo ẹ̀ sórí gúrúùpù ẹbí báyìí. Ohun tí mo kọ sí i ni pé, "Èmi ni mo gé e kúrò. Bàbá ló bẹ̀ mí." Wọ́n ti ń pè mí, mi ò gbé e.

Tí wọ́n bá fẹ́ lé mi nínú ẹbí, kí wọ́n lé mi. Tiwọn ò bà mí lẹ́rù mọ́. Ìyá Rónkẹ́ ni mò ń bẹ̀rù. Láti oṣù mẹ́rin, ì bá ti dárúkọ mi, kó fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọ̀la, màá lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi: tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ wà nínú yàrá yẹn, tẹ́ ẹ ti di ẹrù yín, tẹ́ ẹ wá gbọ́ ohùn mi níta, ṣé ẹ máa ṣílẹ̀kùn fún mi?