Eré Èṣí Ni Mo Fi Ń Han Bàbá

Noreen, fi abọ́ yẹn sílẹ̀, wá jókòó. Vern, ìwọ náà jókòó, má tíì lọ sílé. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ pa fóònù yín tì. Lọ́la ni àwọn dókítà máa la àyà mi, wọ́n ò sì fi pa mọ́ fún mi pé ẹni tó bá wọ yàrá yẹn lè jáde, ó sì lè má jáde. Mo ti ṣe gbogbo ètò tó yẹ kí ọkùnrin ṣe. Ó ku ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ tí Bàbá wa, Casimir, ti kú, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ ibi iṣẹ́ abẹ. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ, kò sì ní dùn létí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, torí tí mo bá dúró, mi ò ní lè bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ táyà dá wa dúró, èmi àti Noreen kó wá sọ́dọ̀ Bàbá nínú ilé yìí. Àna tó ń gbé ilé bàbá ìyàwó, kí lẹ fẹ́ kí n wí? Bàbá ò lé mi, kò fi oúnjẹ dù mí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú. Á ní, “Dale, tí wọ́n bá ní kí o kan ìṣó mọ́ igi, àtàǹpàkò rẹ lo máa kàn mọ́ ọn.” Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dé inú. Ohun kan ṣoṣo ni Bàbá ń tọrọ láyé: kí àwọn Herons, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù wa, gba ife-ẹ̀yẹ kí òun tó kú. Bàbá tó bí i ti retí rẹ̀ títí ó fi kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà retí rẹ̀ títí ó fi kú. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá ti fìdí rẹmi, Bàbá á ṣí fìlà, á ní, “Ó di àmọ́dún.” Ọdún tí mò ń sọ yìí, ọkàn rẹ̀ ti ń daṣẹ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti ṣú débi pé òjìji lásán ló ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Etí ló fi ń wo eré. Gbogbo wa la mọ̀ pé kò sí àmọ́dún púpọ̀ mọ́ nílẹ̀ fún un.

Kébù, okùn tó ń gbé ìkànnì tẹlifíṣọ̀n wọlé, ló fa gbogbo rẹ̀. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ Bàbá lóṣooṣù ti kọjá sísọ, ìkànnì tó wà níbẹ̀ sì pọ̀ lọ súà, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń wò. Mo ní ọ̀sán gangan ni wọ́n ń jà á lólè. Mo ti gbọ́ nípa áàpù kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń fi eré gbogbo ẹgbẹ́ hàn bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, tí owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Mo sọ ọ́ nílé oúnjẹ, mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ fún Vern aládùúgbò wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà tó wà láàárín ilé wa títí ó fi sá wọlé fún mi. Mo ti sọ ara mi di wòlíì àwọn tó ń já kébù. Bàbá ní, “Dale, ṣé ó dá ọ lójú?” Mo ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá.” Ó ní, “Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n tí eré ẹyọ kan bá fò mí, ìwọ àti tẹlifíṣọ̀n yẹn lẹ jọ máa sùn níta.” Èmi fúnra mi ni mo tú àpótí kébù, mo gbé e lọ dá wọn padà, mo sì ń súfèé bọ̀ wálé.

Ọjọ́ tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, Bàbá ti jókòó sórí àga rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, ó dé fìlà, ẹ̀pà wà lórí itan rẹ̀. Mo tẹ áàpù náà. Ohun tó kọ síwájú mi ni pé a ò lè wo eré yìí ní àdúgbò wa. Mo tún un tẹ̀, ohun kan náà. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ ka àdéhùn tí mo ti fọwọ́ sí. Ẹni tó ń gbé ní Alaska lè wo Herons bó ṣe wù ú. Àwa tí ariwo pápá wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dé etí wa ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́, torí ìkànnì kan tó wà lórí kébù nìkan ti ra eré wọn fún gbogbo agbègbè yìí. Ọgbọ́n àgbọ́njù ni mo gbọ́n. “Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀?” ni Bàbá ń wí lẹ́yìn mi. Ọ̀rọ̀ kékeré ló yẹ kí n sọ: Bàbá, mo ṣì í ṣe, ẹ má bínú. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mò ń rò ó bí yóò ṣe rẹ́rìn-ín, bí yóò ṣe máa sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé Dale tún ti kan àtàǹpàkò mọ́gi. Áàpù náà sì kó àwọn eré àtijọ́ pa mọ́, òfin àdúgbò ò sì mú ìyẹn. Mo tẹ ọ̀kan nínú eré èṣí. Mo ní, “Ó ti bẹ̀rẹ̀, Bàbá.” Mo sọ fún ara mi pé ti ọjọ́ yẹn nìkan ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe ilé iṣẹ́ kébù. Mi ò purọ́ lórí ìyẹn. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ wọn gbọ́dọ̀ wọlé wá so ó, Bàbá kì í sì í kúrò nílé. Mo gbé fóònù sílẹ̀, ojú mi sì ń wo ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni irọ́ ọjọ́ kan ṣe di ti ọ̀sẹ̀, ti ọ̀sẹ̀ di ti oṣù. Ẹni tó ń sọ bí eré ṣe ń lọ á dárúkọ Ruddock, agbábọ́ọ̀lù wa ti èṣí, Bàbá á dìde jókòó. “Ruddock? Ṣebí wọ́n ti tà á sí Texas?” Mo ní, “Wọ́n ti rà á padà, Bàbá.” Ó ní, “Wọ́n rà á padà? Wèrè ni gbogbo wọn.” Rédíò rẹ̀ ńkọ́? Èmi ni mo yọ bátìrì rẹ̀, mo ní ó ti bàjẹ́, mo sì ṣèlérí pé màá gbé e lọ fún alátùn-únṣe. Ọkùnrin tí kò ríran, mo tún lọ gba ohun tó fi ń gbọ́ràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo irú èèyàn tí ẹ̀ ń pè ní bàbá.

Ohun tó wá kó mi sí wàhálà ni pé ọdún yẹn gan-an ni Herons jí. Ẹ rántí. Wọ́n ń na gbogbo ẹni tó bá dúró níwájú wọn, ìlú ń gbóná, ṣùgbọ́n nínú yàrá Bàbá, Herons èṣí ni, ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ tí kò lè na ẹnikẹ́ni. Ẹ ó sì bi mí pé báwo ni ẹnì kan ò ṣe sọ fún un. Èèwọ̀ ilé yìí ló bò mí láṣìírí. Bàbá fúnra rẹ̀ ló fi lélẹ̀: tí Herons bá ń ṣẹ́gun, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kàn án títí eré ìkẹyìn á fi parí, kí ẹnu wa má baà ba oríire jẹ́. Vern ṣèèṣì tẹ èèwọ̀ náà lójú nígbà kan, Bàbá ò bá a sọ̀rọ̀ títí Kérésì fi dé. Nítorí náà gbogbo yín lẹ pa ẹnu mọ́. Noreen, iṣẹ́ ọ̀sán lò ń ṣe ní ilé ìdáná ọsibítù nígbà yẹn, eré á ti parí kí o tó dé. O máa wọlé, o máa fẹnu ko Bàbá lórí, o máa na àtàǹpàkò sí mi lẹ́yìn rẹ̀, o ò ní sọ nǹkan kan. O rò pé ó mọ̀.

Vern, ìwọ lo fẹ́rẹ̀ẹ́ tú mi fó. O wá kí i nígbà tó ku díẹ̀ kí eré ìkẹyìn wáyé, ẹnu rẹ ò pa dé. O ní, “Casimir, mi ò ní sọ nǹkan kan o.” Bàbá ní, “Kí lo fẹ́ sọ? Kò sí nǹkan tó ṣeé sọ.” O ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, kò sí rárá.” O sì ń rẹ́rìn-ín. Bàbá ní, “Ojú wo lo fi ń rẹ́rìn-ín sí ìyà tó ń jẹ èèyàn?” O ní, “Ìyà náà mà pọ̀ o, Casimir,” o ń gbá itan. O rò pé ó ń ṣàwàdà láti pa èèwọ̀ mọ́. Nígbà tí o lọ tán, Bàbá ní, “Vern yìí, inú rẹ̀ kò dáa mọ́.” Mo ní, “Ẹ má dá a lóhùn, Bàbá.” Vern, Bàbá kú pẹ̀lú ìbínú sí ọ nínú. Èmi ni mo fà á.

Ọ̀sán Sunday ni eré ìkẹyìn. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: eré yẹn ò sí lábẹ́ ìdènà kankan. Gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Bọ́tìnì kan péré ni mo máa tẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Bàbá máa gbọ́ ni pé Herons ti ń ṣẹ́gun láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, á sì mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa fún òun látọjọ́ yìí. Mo dúró, rìmóòtù wà lọ́wọ́ mi. Ayọ̀ tó ti ń retí láti kékeré wà lápá kan, ìtìjú tèmi wà lápá kejì. Ìtìjú mi ni mo gbè lẹ́yìn. Mo tẹ eré èṣí. Èmi wá ki okùn ìgbọ́rọ̀ fóònù bọ etí kan, mò ń gbọ́ eré gidi. Noreen pè láti ibi iṣẹ́: “Dale, ṣé Bàbá ń wò ó?” Mo ní, “Ó ń wò ó.” “Báwo ló ṣe ń ṣe?” Mo ní, “Ó ń jẹ ẹ̀pà rẹ̀.” Ó ń jẹ ẹ̀pà lóòótọ́.

Mo gbọ́ bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn ní etí kan. Herons ti gbà á. Kí n tó yọ okùn náà, fèrè ọkọ̀ ti gba gbogbo àdúgbò, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún, Vern sì ń lu ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Bàbá gbé orí sókè. “Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níta?” Omi ti kún ojú mi, torí èmi náà fẹ́ràn ẹgbẹ́ yẹn láti kékeré. Mo ní, “Ìgbéyàwó ni, Bàbá. Wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ni.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ó dáa o. Kí Ọlọ́run bá wọn fọwọ́ sí i. Ó kéré tán, inú ẹnì kan dùn lónìí.” Lórí tẹlifíṣọ̀n, Herons èṣí ti tún pàdánù. Ó ṣí fìlà, ó gbé e lé orókún. “Ó di àmọ́dún, Dale.” Mo ní, “Ó di àmọ́dún, Bàbá.”

Ẹ rò pé ibi tó burú jù nìyẹn. Ó ṣì kù. Noreen, o sáré wọlé pẹ̀lú épúrọ́ọ̀nù iṣẹ́ lọ́rùn, ò ń sunkún, ò ń rẹ́rìn-ín. Eré ti parí, èèwọ̀ ti kúrò nílẹ̀, o fẹ́ jí Bàbá kí ẹ jọ yọ̀. Èmi ni mo dìde dí ọ lọ́nà. Mo ní, “Jẹ́ kó sùn. Ó ti rí gbogbo rẹ̀. Ó sunkún ayọ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ẹ máa sọ ọ́ lọ́la.” O gbà mí gbọ́. O rọra fi ìbora bò ó, o lọ sùn. Tí mo bá jẹ́ kí o jí i, á mọ̀. Á bú mi, á lé mi síta, mi ò sì ní lè gbójú sókè níwájú rẹ mọ́, ṣùgbọ́n á mọ̀ pé wọ́n gbà á. Ìwọ lo lọ gbé tíì fún un láàárọ̀, o sì bá a tó ti tutù.

Gbogbo yín lẹ mọ ìyókù. Àlùfáà ní Bàbá dà bíi Síméónì inú Bíbélì, pé ojú rẹ̀ rí i kó tó lọ ní àlàáfíà. Àwọn ọkùnrin ń ṣí fìlà, wọ́n ń bọ̀ mí lọ́wọ́ pé mo bá a wò ó. Noreen, ìwọ lo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta ibojì rẹ̀, lábẹ́ orúkọ rẹ̀: Ó RÍ I. Lọ́dọọdún tí a bá gbé òdòdó lọ, ojú mi kì í lè wo ibẹ̀. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí bá mi níbẹ̀ nígbà kan, ó ní bàbá tòun ò dúró rí i, pé òun a máa wá ka òkúta yìí kí ọkàn òun lè balẹ̀. Mo mi orí sí i. Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá wa rí i.

Kò rí i. Ẹ̀yin ọmọ mi, àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe ò tó nǹkan, ẹ̀rín ni wọn ì bá fi mí rín fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí ẹ bá ṣi nǹkan ṣe, ẹ sọ ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín. Vern, forí jì mí. Noreen, mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí, mi ò sì ní bá ọ jà tí o ò bá tẹ̀ lé mi lọ sí ọsibítù lọ́la. Tí mo bá jáde níbẹ̀, èmi fúnra mi ni màá bẹ agbẹ́kùúta kó pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́. Tí mi ò bá jáde, jọ̀ọ́, lọ síbi tí Bàbá wà, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí o sọ fún un pé Herons gbà á, mẹ́rin sí mẹ́ta. Títí di òní, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún un.